Ta ló máa gbé fóònù náà? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ẹgbẹ́ transgender

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń yọ̀ǹda ara mi fún ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn transgender lọ́wọ́, tó sì ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Àbúrò mi ló gbé mi débẹ̀. Kì í ṣe pé ó ní kí n wá o. Òun ló ń lọ sípàdé, èmi ń fi mọ́tò gbé e, mo sì ń jókòó síta dè é. Lọ́jọ́ kan òjò dé, wọ́n ní kí n wọlé. Bí mo ṣe ń gbọn omi dànù lára báyìí ni ẹnìkan na fóònù sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé eléyìí, ọwọ́ wa dí." Mi ò tíì gbé e sílẹ̀ títí dòní.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣàjèjì sí: transgender ni ẹni tí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kò bá ohun tó mọ ara rẹ̀ sí mu. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Àwọn tó fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, àwọn tó fẹ́ wá bá wa ṣiṣẹ́, àti ẹ̀yin ẹbí tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ibi tí mo ti ṣe ìkà láìmọ̀ ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹta tí mo débẹ̀ ni. Ẹnìkan pè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ń wá dókítà tó máa dá òun lóhùn láìfi òun ṣẹ̀sín. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀, mo ní màá pè é padà. Ọjọ́ kejì ni mo rí dókítà náà. Inú mi dùn débi pé mi ò tilẹ̀ jókòó kí n tó tẹ nọ́ńbà. Wọ́n gbé e, wọ́n ní, "Hẹ́lò." Mi ò béèrè ta ni. Mo ka orúkọ ẹgbẹ́ wa látòkè délẹ̀, "transgender" sì wà láàárín rẹ̀ gbangba. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ohùn náà ní, "Ẹ ní láti ibo?" Ohùn àgbàlagbà ni. Bàbá rẹ̀ ni. Ẹ̀rù bà mí, mo já fóònù. Jíjá tí mo sì já a gan-an ló fi han bàbá pé nǹkan wà ńbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n kó ẹrù olùpè wa síta.

Ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n ṣí ìwé ńlá tí a fi ń kọ orúkọ àwọn tó bá pè, wọ́n mú rúlà, wọ́n fa ìlà gbọọrọ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, àti òmíràn, wọ́n ń fà á lọ láìwo ojú mi. Wọ́n wá kọ ọ́ sókè ìlà tuntun náà: "Bí ẹlòmíràn bá gbé e ńkọ́?"

Látìgbà náà, mi kì í gba nọ́ńbà ẹnikẹ́ni kí n má bi í ní ìbéèrè mélòó kan. Orúkọ wo ni ká máa pè yín níbí? Aago mélòó ló rọrùn? Ṣé a lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, àbí àwọn kan máa ń yẹ fóònù yín wò? Bí ẹlòmíràn bá gbé e, kí ni kí n ní mo ń pè fún? Àwọn kan ní kí n sọ pé láti ilé ìkàwé ni, pé ìwé tí wọ́n yá ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹnìkan ní kí n sọ pé mo fẹ́ ra bẹ́ẹ̀dì tí òun ń tà. Bàbá àgbà ilé náà ló gbé e lóòótọ́, a sì dúnàádúrà bẹ́ẹ̀dì tí kò sí níbì kankan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ti orúkọ tó wà lórí ìwé ìjọba, mi kì í béèrè rẹ̀ àfi tí iṣẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń sọ ìdí rẹ̀. Ìwé ńlá náà kì í kúrò nínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́. Mo mọ ẹgbẹ́ kan tó kó orúkọ gbogbo èèyàn wọn sórí fóònù ẹnìkan ṣoṣo, olè sì wá jí fóònù náà.

Òru ọjọ́ tí wọ́n lé olùpè wa jáde ni mo tó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ṣíwájú ohun gbogbo nínú iṣẹ́ yìí. Èmi ti rò pé ká gbé pátákó, ká kọ lẹ́tà sáwọn aṣòfin, ká máa ké "ẹ̀tọ́, ẹ̀tọ́" ni. Nígbà tí Marsha P. Johnson àti Sylvia Rivera, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ méjì, dá ẹgbẹ́ STAR sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1970, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ tí ilé lé jáde á máa sùn sí ló gbà wọ́n lọ́kàn, owó àpò ara wọn ni wọ́n sì fi ń san án, àwọn tó jẹ́ pé wọn kò ní lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò forí lé lálẹ́ kò lè bá yín jókòó ka àbá òfin. Ẹ ní ilé mẹ́ta lọ́wọ́, ilé àwọn tó ti gbà tẹ́lẹ̀ tọkàntọkàn, kì í ṣe ti àwọn tí ojú ń tì láti sọ pé rárá. Ẹ máa bi wọ́n lóṣooṣù bóyá ó ṣì rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn méjì ni kó lọ gbé ẹni náà, kí wọ́n sì ti sọ fún un lórí fóònù ohun tó máa mú: ìwé rẹ̀, oògùn rẹ̀, ṣájà. Aṣọ, a ó rí aṣọ.

Àwa tí à ń sọ Yorùbá, èdè wa ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́. "Ó" wa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin; "ẹ̀gbọ́n" kò mọ̀ ọ́n, "àbúrò" kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó, mo ti ń sọ̀rọ̀ olùpè yẹn bọ̀ látòkè, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, mi ò sì ní sọ. Elédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ní láti yan "he" tàbí "she" kó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ká má fọ́nnu jù. Ibi tí àwa ti ń kọsẹ̀ ni "bùrọ̀dá" àti "àǹtí", àti orúkọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi ní òun kò jẹ́ orúkọ àtijọ́ mọ́, odidi ọdún kan ni màmá wa fi ń pè é ní "ọmọ mi" ṣáá. "Ọmọ mi" kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ń wá awò ojú wọn, wọ́n sì fi orúkọ tuntun pè é láti yàrá kejì pé kó wá bá wọn wá a. Àbúrò mi dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A wá awò náà; orí wọn ló wà.

Àwọn òbí máa ń wá sọ́dọ̀ wa. Òmíràn á máa sunkún, òmíràn á máa jà. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn àṣìṣe mi ni ìyá olùpè wa wá, bàbá kò mọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wèrè ni wọ́n ń pè é?" Èmi tí mo ti ka gbogbo rẹ̀ sórí bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sílẹ̀: pé ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé tuntun tí wọ́n to àwọn àìsàn sí, tí wọ́n ti yọ jíjẹ́ transgender kúrò lára àìsàn ọpọlọ nínú rẹ̀, pé ìwé náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2022. Màmá gbọ́ mi tán. Wọ́n wá ní, "Ṣé ó jẹun lánàá?" Mo ní ó jẹun. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jókòó. Òtítọ́ ni ohun tí mo sọ, ó sì wúlò lọ́dọ̀ dókítà àti nílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n báyìí mo máa ń fi í pamọ́ títí wọ́n á fi béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ìwé ìdánimọ̀ ló ń gba àkókò wa jù lẹ́yìn ibùsùn. Sáàtífíkéètì tó ń jẹ́ orúkọ àtijọ́ máa ń sọ gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ di ìtàn ìgbésí ayé. Ní Kẹ́ńyà, Audrey Mbugua, obìnrin transgender kan, gbé àjọ tó ń ṣe ìdánwò lọ sílé ẹjọ́, ní 2014 adájọ́ sì ní kí wọ́n tẹ ìwé ẹ̀rí mìíràn fún un ní orúkọ tó ń jẹ́, kí wọ́n má sì kọ ọkùnrin tàbí obìnrin sí i. Lọ́dún kan náà, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ Transgender Education and Advocacy sílẹ̀ lábẹ́ òfin, èyí tí àjọ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti kọ̀. Ní Ajẹntínà, òfin 2012 jẹ́ kéèyàn lọ yí ìwé rẹ̀ padà láìlọ sọ́dọ̀ adájọ́ tàbí dókítà. Òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, ẹ wá lọ́yà tó mọ tiyín. Ohun tí mo lè sọ ni ti ọ́fíìsì: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá lọ. Ẹni kejì kò ní sọ̀rọ̀, ó kàn máa jókòó ni, á mú ìwé àti bíírò, á kọ ọjọ́, aago, orúkọ akọ̀wé àti ohun tó sọ. Bí wọ́n bá ní "kò ṣeé ṣe", kí ó rọra ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹnu tó ń sọ pé kò ṣeé ṣe pọ̀. Ọwọ́ tó fẹ́ kọ ọ́ kò pọ̀. Mo ti rí akọ̀wé tó wo bíírò náà, tó sì rántí lójijì pé fọ́ọ̀mù kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Àwọn akọ̀ròyìn ńkọ́? A ní ọ̀dọ́ kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá dé, òun náà ni. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé bó bá ti sọ ìtàn ìjìyà rẹ̀ tán, ó máa ń sùn fún ọjọ́ méjì. Ó sọ fún wa nígbà tó yá pé, "Ẹ ti sọ mí di kásẹ́ẹ̀tì." Ní tiwa báyìí, ẹni tó gbà lánàá lè kọ̀ lówùúrọ̀ òní, akọ̀ròyìn lè bínú tó bá fẹ́. A tún máa ń ní kí wọ́n ka orúkọ tí wọ́n máa kọ sí wa létí. Nígbà tí wọ́n pa Rita Hester, obìnrin transgender kan, ní Boston ní oṣù Kọkànlá 1998, àwọn ìwé ìròyìn kan kọ nípa rẹ̀ bí ọkùnrin. Ikú rẹ̀ ló mú kí Gwendolyn Ann Smith bẹ̀rẹ̀ ìrántí àwọn transgender tí wọ́n pa, tí à ń ṣe ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, láti 1999. Èmi ló máa ń tẹ ìwé orúkọ tí à ń kà lọ́jọ́ náà. Mo máa ń pe àwọn ọ̀rẹ́ olóògbé tí mo bá rí, kí n bi wọ́n léèrè orúkọ tó ń jẹ́ láàárín wọn àti bí wọ́n ṣe ń pè é, nítorí pé ẹni tó ń kà á máa ń gbọ̀n.

Ó máa rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká máa gba fóònù náà lọ́wọ́ ara wa. Ìpàdé tó bá ju wákàtí méjì lọ, ìjà ló máa ń di.

Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ fóònù yẹn, olùpè wa padà wá nítorí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Èmi ló bá lórí àga. Mo ti tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dìgbà náà, ó ti ní kí n yé tọrọ mọ́, pé ó ń sú òun. Mo ṣí ìwé ńlá, mo kọ orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, mo kọ nọ́ńbà rẹ̀. Mo dé ìlà Ẹ̀gbọ́n. Mo bi í bí mo ṣe ń bi gbogbo èèyàn: bí ẹlòmíràn bá gbé e ńkọ́?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá mi ló wà nílé. Ẹ ní láti ẹgbẹ́ wa ni. Ẹ ka orúkọ ẹgbẹ́ náà tán pátá o, etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́."