Àwọn àpótí Treehouse of Horror: ibi tí iṣẹ́ dé

Sátidé

Èyí tó wà lórí tábìlì báyìí ni "The Shinning", ìtàn àkọ́kọ́ nínú Treehouse of Horror karùn-ún, ọdún 1994. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: inú páálí bàtà ni mo ti ń fi amọ̀ àti ọ̀dà ṣe àwọn ibi tí The Simpsons, eré àwòrán tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà nípa Homer, Marge ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn bíi Bart, ti sín fíìmù àti ìtàn olókìkí jẹ nínú àkànṣe Halloween wọn. Ìtàn kan, páálí kan. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1990 ni àkọ́kọ́ jáde lórí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n Fox ní Amẹ́ríkà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń ṣe é látìgbà náà. Mi ò ní ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn tí mo yàn ni àwọn tó mọ nǹkan sín jẹ gan-an.

Òfin kan ni mo fi ń ṣiṣẹ́: mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ìran ti fíìmù tí wọ́n sín jẹ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, ògiri rẹ̀, iná rẹ̀, ibi tí kálukú dúró sí, kí n tó gbé Homer wọlé. Ìgbà tí ìpìlẹ̀ bá jọ ti oníǹkan tán ni ojú tó máa rí ohun kan tó yí padà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà.

Fíìmù Stanley Kubrick ti ọdún 1980, The Shining, ni wọ́n gbé èyí lé lórí, látinú ìwé Stephen King ti 1977. Nínú fíìmù yẹn, ìyàwó ká òkìtì bébà tí ọkọ rẹ̀ ti ń tẹ̀ mọ́ ibi iṣẹ́, ó bá gbólóhùn kan ṣoṣo lójú gbogbo wọn. Marge náà lọ wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Homer. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé ara ọ̀gbẹ́ni yá, kò sí nǹkan kan. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àfi bí mànàmáná ṣe kọ, ó rí i pé gbogbo ògiri ló kún fún ìwé kíkọ: àìsí tẹlifíṣọ̀n, àìsí bíà, òun ló ń ya Homer ní wèrè.

Ògiri yẹn ni mo fi gbogbo òwúrọ̀ kọ. Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù lọ́wọ́ mi ṣì tóbi fún lẹ́tà yẹn, igi ìtayín ni mo ń tì bọ inú ọ̀dà. Mo kọ àwọn kan gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, mo kọ àwọn kan wẹ́wẹ́, mo jẹ́ kí òmíràn gun orí ara wọn, torí ọwọ́ ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú ni. Mo lu ihò sẹ́yìn páálí, mo fi ọ̀rá aláwọ̀ búlúù bò ó. Bí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, mànàmáná ti kọ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú

Ilẹ̀kùn ló kàn. Gbogbo èèyàn ló mọ ibi tí Jack Nicholson, òṣèré tó ṣe ọkọ nínú fíìmù Kubrick, ti fi àáké la ilẹ̀kùn, tó yọjú, tó sì pe orúkọ Johnny. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni: bẹ́ẹ̀ ni Ed McMahon ṣe máa ń pe Johnny Carson, olóòtú ètò The Tonight Show, jáde lálaalẹ́ nígbà náà. Homer ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sẹ́nì kankan nínú yàrá. Ó la òmíràn, ó pe David Letterman, olóòtú ètò alẹ́ mìíràn, Grampa, bàbá Homer, ló wà níbẹ̀. Ó la ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn oníròyìn 60 Minutes, ètò ìròyìn tẹlifíṣọ̀n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí ó ṣe jinlẹ̀ tó! Àìrí tẹlifíṣọ̀n ló sọ ọkùnrin yìí di apààyàn, tẹlifíṣọ̀n náà ló sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń gbé àáké sókè. Ohun tó mú orí rẹ̀ wálẹ̀ nígbẹ̀yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n kékeré tí wọ́n rí nínú yìnyín.

Nítorí náà, ilẹ̀kùn mẹ́ta ni mo ń ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Agolo mílíìkì ni mo gé ṣe ojú àáké. Mo mọ Willie, òṣìṣẹ́ ọgbà ilé-ìwé, náà, pẹ̀lú àáké lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí àáké ẹ̀yìn ló pa á nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọdún yẹn. Àpótí tó bá wù mí ni mo lè gbé e sí.

Ọjọ́rú

"The Raven" ti parí: ewì Edgar Allan Poe ti 1845, tí òṣèré James Earl Jones kà. Àwòrán Marge tó wà lára ògiri ni mo fẹ́ràn jù. Irun rẹ̀ ga débi pé férémù kan kò gbà á, òmíràn wà lókè fún ìyókù.

"King Homer" ti 1992 ṣì ń gbẹ. Dúdú àti funfun ni wọ́n ṣe é, bíi King Kong, fíìmù ìnàkí ràgàjì ti 1933, nítorí náà àwọ̀ eérú oríṣiríṣi ni mo ń pò. Mo kun amọ̀ ní àwọ̀ rẹ̀ gangan ná, mo fi fóònù yà á ní dúdú àti funfun, mo wá wo irú eérú tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dà. Àpótí yìí ga ju àwọn yòókù lọ. Kong gun Empire State, ilé gíga New York, dé ṣóńṣó. Homer kò tíì kúrò nílẹ̀ tán tó ti rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé yẹn gbọ́dọ̀ dúró lókè orí rẹ̀ lófìfo, bí mo bá gé e kúrú, kò ní sí ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́.

Jímọ̀

Mo ti bẹ̀rẹ̀ "Homer³" ti 1995. Inú eré tẹlifíṣọ̀n The Twilight Zone ti 1962 ni ó ti wá, níbi tí ọmọdébìnrin kan ti bọ́ sínú ayé mìíràn láti ara ògiri. Kọ̀ǹpútà ni ilé-iṣẹ́ Pacific Data Images fi ṣe ìhà kejì ògiri tí Homer náà bọ́ sí. Páálí pẹlẹbẹ ni Homer máa jẹ́ ní ìhín, amọ̀ ní ọ̀hún, apá rẹ̀ kan á sì wà láàárín.

Mo ti kọ ìṣirò tó ń fò kiri lẹ́yìn rẹ̀: 1782¹² + 1841¹² = 1922¹². David X. Cohen, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé The Simpsons, ló wá a. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré á ní ó dọ́gba, ṣùgbọ́n Fermat, onímọ̀ ìṣirò tó ní irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ kò lè sí, kò gbà. Ẹ wò ó: ti àkọ́kọ́ ṣeé pín sí méjì, ìkejì kò ṣeé pín, àròpọ̀ wọn kò lè ṣeé pín; ti apá ọ̀tún sì ṣeé pín. Mo kọ ọ́ gàdàgbà kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè rí i.

Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti 1993 ló kàn. Nínú ìtàn The Twilight Zone ti 1963 tí wọ́n sín jẹ, ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ni ẹ̀dá burúkú náà wà. Ti Bart rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì, ó ń tú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mo ti ń kó ìdérí ìgò jọ fún táyà.