Ìyá Sìkírù Inú Kọ̀ǹpútà

Láti Sátidé tó kọjá, ẹ̀yìn ni mò ń gbà wọ ọjà Olúwo l'Épé bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Ẹ ṣáà mọ Kàmọ́rù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Òun náà ni.

Ó gbé láptọ́ọ̀pù wá sílé, ó ní, "Àǹtí, ẹ yé kọ àwìn sínú nóòtù mọ́." Ó ní èyí kì í ṣe irú kọ̀ǹpútà tí a mọ̀. Kò sí app kankan tí ẹnikẹ́ni ti ṣe sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ sọ, AI á kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, tòun ti bọ́tìnnì rẹ̀. Mo ní kó ṣe ìwé àwìn fún ẹlẹ́ja. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti dé! Ó ya ẹja ọ̀bọ̀kún kan sókè ibẹ̀, ẹja náà ń ju ìrù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrù ẹja yẹn ló tàn mí. Gbogbo ẹja tí mò ń yan láti ogún ọdún, òkú ni wọ́n. Èyí ń ju ìrù! Mo pe ará ilé, mo pe aládùúgbò, mo pe ẹni tó wá gba owó iná. Mo ń tẹ ẹja yẹn títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí mi. Èmi tí mo ti ń wo ojú ẹja láti ogún ọdún, mo mọ̀ pé ẹja kì í ní ìpéǹpéjú. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti dìde. Mi ò dìde. Mo ṣẹ́jú padà sí i.

Mo ka gbogbo orúkọ inú nóòtù, Kàmọ́rù ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo kan orúkọ tirẹ̀, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ní òun ti kọ ọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ lè sọ nóòtù yẹn nù báyìí." Èmi wá sọ ọ́ nù bí? Mo fi dáná sábẹ́ àgbá tí mo fi ń yan ẹja. Ó sì jó dáadáa, n ò ní parọ́: àwìn ọdún méjì gbáko kò nílò kẹrosíìnì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ojú ewé tó pè ní Àwọn Onígbèsè. Ohun tó wà lókè pátápátá: Ìyá Sìkírù, ọ̀bọ̀kún, ₦48,500. Mi ò rántí o. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ni mí? Ìyá Sìkírù mẹ́rin ni mo mọ̀ ní Olúwo nìkan. Èwo ni mo wá mú? Mo mú èyí tí mò ń bá yan odì. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún Káyókáyó, tí gbogbo ará Èpé ń jẹ àjẹyó, obìnrin yìí pín ẹran dé ilé tó kángun sí tiwa, ó sì fò wá dá.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù rù bí igbá ẹja, ó di iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Mo pariwo, "₦48,500! Ẹ wá fojú yín rí i!" Mo ṣí i. Ìyá Sìkírù, ewúrẹ́ méjì, ₦6,200. Ewúrẹ́ kẹ̀? Mo pa á dé, mo tún un ṣí. Èyí wá burú jù: Ìyá Básírà jẹ Ìyá Sìkírù ní ₦70,000. Èmi ni Ìyá Básírà.

Obìnrin náà wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi. Ó ní, "Ìyá Básírà, ṣé kí n máa retí owó mi lọ́la ni àbí lọ́túnla?" Ọjà túká sẹ́rìn-ín.

Kàmọ́rù ní ẹ̀rọ náà kò ní ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, tuntun ló ń kọ. Ó rí i pé orúkọ ojú ewé náà ni Àwọn Onígbèsè, ó mọ̀ pé orúkọ àti owó ló yẹ kó wà níbẹ̀, ó bá fi orúkọ àti owó síbẹ̀. Ẹ sì sọ fún un pé ọjà ẹja l'Épé. Ta ni kó tún kọ bí kò ṣe Ìyá Sìkírù? Ó ní ní 2025, àwọn kan ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní NeuralOS: bí èèyàn ṣe ń mi máàsì ló ń ya ojú kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu (ẹgbẹ́ Windows ni), àwòrán lórí àwòrán. Mo ní, "Àwọn ará Kánádà yẹn, ṣé wọ́n fi nóòtù àwìn wọn dáná?" Ó dákẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn ló rán mi létí. Ta lorúkọ rẹ̀ wà lójú ewé kìíní nóòtù tó jóná? Ta ló ti ń jẹ epìyà yíyan láwìn láti ìgbà tí ààwẹ̀ kò tíì wọlé? Ta ló ní kí n sọ ọ́ nù? Mo ní, "Kàmọ́rù, ₦31,000 mi dà?" Ó ní, "Àǹtí, ó wà nínú kọ̀ǹpútà." Ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́n tó o. Ọmọ yìí ló gbọ́n!

Láàárọ̀ yìí, mo tún gba ẹ̀yìn wọlé. Ìyá Sìkírù ti jókòó sórí àpótí mi. Ó ṣa ọ̀bọ̀kún méjì tó sanra jù, ó wé wọn sínú ọ̀rá, ó gbọn ìdí dìde.

Ó ní, "Ìyá Básírà, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà."