Wáyà Jíà Tí Ó Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Mi

Tòkúnbọ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1989 ni ọkọ̀ tí mo ń wà lórí ọ̀sà Èkó. Inú ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn apá tí ó gbé jíà àti pùròpẹ́là, tí í ṣe MerCruiser Alpha One, sì yọ sí ìdí ọkọ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń gba jíà iwájú láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bí mo bá sún mọ́ jẹ́tì tí mo fẹ́ dá ọ̀pá jíà padà sí fíríì, ọ̀pá náà á le bí ẹni pé ẹnìkan dì í mú nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Omi ni yóò wá gbé wa lọ kọ lu igi jẹ́tì lójú àwọn èrò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò bójú mu. Mo gbé sílò, ìyẹn eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá nígbà tí a kò fún un ní iná, láti ìyípo 700 lọ sí 1,000 ní ìṣẹ́jú kan, kíkú náà sì dínkù, ṣùgbọ́n jíà bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgà bí ó bá ti ń wọlé. Eyín irin ni ó ń kọ́ ara wọn nínú ẹsẹ̀ yìí, kò sí kílọ́ọ̀ṣì tí yóò mú un rọlẹ̀, nítorí náà bí eré ẹ́ńjìnnì bá ti pọ̀ jù, igun eyín náà ni yóò máa jẹ. Mẹkáníìkì tí mo pè ní kí a tú gbogbo ẹsẹ̀ náà palẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù ná.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí pùròpẹ́là, eyín jíà máa ń di ara wọn mú pinpin. Ìdí nìyí tí swíìṣì kékeré kan fi wà níbi tí wáyà ọ̀pá jíà (okùn irin tí ń fa jíà, kì í ṣe wáyà iná) ti pàdé wáyà tí ó wọ inú ẹsẹ̀ lọ: bí ó bá mọ̀ ọ́n lára pé wáyà le, á pa iná pílọ́ọ̀gì fún ìṣẹ́jú bíńtín, eyín á tú, iná á sì padà. Ṣùgbọ́n bí wáyà ìsàlẹ̀ bá ti dípẹtà, líle rẹ̀ kì í tán, iná kò sì ní tètè padà. Mo yọ swíìṣì náà kúrò fún ìdánwò, ẹ́ńjìnnì kò sì kú mọ́. Àwọn ẹlòmíràn kì í dá swíìṣì náà padà mọ́, èyí tí n kò gbà rárá, nítorí pé ipá ni wọn yóò máa fi já eyín yọ láti ìgbà náà lọ.

Mo dá swíìṣì padà, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sì tú wáyà méjèèjì kúrò lára ara wọn. Ti òkè, tí ó wá láti ọ̀dọ̀ awakọ̀, ń lọ ń bọ̀ geere. Ti ìsàlẹ̀ kò fẹ́ mira. Ó wá ku ká mọ̀ bóyá wáyà ni ó le tàbí inú ẹsẹ̀ ni. A fi jíà sí iwájú, nítorí pé ẹsẹ̀ irú èyí kò ṣeé yọ láìṣe bẹ́ẹ̀, a sì tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà tí ó dì í mú. Irin jíà tí ó wà lórí ẹsẹ̀ ń yí wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Wáyà tí ó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ le bíi ti tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ ti sán níbi tí ó ti gba ìdí ọkọ̀ kọjá, omi iyọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ti ráyè wọlé.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ ti wà nílẹ̀, mo pààrọ̀ wáyà náà àti rọ́bà tí ó bò ó, mo sì wo ọ́ìlì jíà, èyí tí kò tíì funfun bíi mílíìkì, ìyẹn ni pé omi kò tíì wọ inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn ìpẹja ti wé mọ́ ẹ̀yìn pùròpẹ́là.

Sílò ti padà sí 700. Bí mo bá kúrò ní iwájú báyìí, ẹ́ńjìnnì á kọ́ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, á sì máa dún lọ: swíìṣì náà ni ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.