Òjò kì í rọ̀ sórí pákó inú yàrá

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bálísà, igi fífúyẹ́ yẹn, ṣe ilé kéékèèké bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó kun pákó yín. Ó ti tó oṣù kan, ojú ṣì ń tì mí.

Ilé Àgùdà ni mo máa ń ṣe, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà dé kọ́ sí Èkó. Ọdún 2016 tí wọ́n wó Ilojo Bar, ọ̀kan nínú wọn ní Ìta Tinúbú, ni mo bẹ̀rẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba ti sọ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, wọ́n wó o bí ẹni wó ilé adìẹ. Inú bí mi, mo ra bálísà.

Ìdílé kan ló gbé iṣẹ́ yìí fún mi. Ìyá wọn fẹ́ pé ọmọ ọdún 80, wọ́n ní kí n ṣe ilé bàbá rẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Pópó Àgùdà tí kò sí mọ́. Fọ́tò mẹ́ta ni wọ́n fún mi, dúdú-àti-funfun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìwọ̀n 1:50 ni mo lò, mítà kan di sẹ̀ǹtímítà 2, pákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 di mìlímítà 3. Pákó 240 ni mo gé fún ilẹ̀ òkè nìkan.

Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, onípákó ni. Mo fi tíì dúdú kun ògiri rẹ̀, ó gbẹ, mo wá fi ọtí kíkan tí mo ti rẹ irin tí a fi ń ha ìkòkò sí fún ọjọ́ mẹ́ta kùn ún lé e. (Irin tó ń dípẹtà ni o, èyí tó ń dán gbinrin kì í ṣiṣẹ́. Ẹ má sì fo tíì, torí bálísà fúnra rẹ̀ kò ní èròjà tí irin yẹn máa ń sọ di dúdú.) Kò pẹ́ tí igi náà fi hewú bí ẹni pé òjò ti pa á fún ọgbọ̀n ọdún. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo da ìyókù sórí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nínú fọ́tò, ṣebí eérú ni ilẹ̀ yẹn rí?

Mo ti lẹ àwọn pákó náà mọ́lẹ̀ kí n tó kùn ún. Ẹ má wulẹ̀ bú mi, mo mọ̀ pé kò yẹ, ọjọ́ ló ń lé mi. Ilẹ̀ mọ́, etí pákó ti ká sókè, gbogbo ibi tí gọ́ọ̀mù kán sí sì funfun bíi làpálàpá lórí ọmọdé. Mo ní wọn á pè é ní ogbó.

Ọjọ́ ìnáwó, àkọ́bí ṣí òrùlé. Fóònù ti wà lókè, wọ́n ń ya fídíò. Ìyá fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó tẹ̀ wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó fi ìka kan pálọ̀.

“Ta ló jẹ́ kí òjò wọ ilé bàbá mi?”

Gbogbo ilé dákẹ́. Mo ní, “Mà, pákó tó bá ti gbó ló máa ń rí bẹ́ẹ̀.”

“Pákó ìta nìyẹn. Àwa ọmọ là ń fọ èyí ní Sátidé Sátidé, a ó tún fi póólíṣì nù ún. Àwọ̀ obì tí wọ́n là sílẹ̀ láti àárọ̀ ni. Ibí yìí ló sì ti jẹ,” ó fi ìka fa ọ̀nà kan láti orí àtẹ̀gùn dé ojú fèrèsé, “torí ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń gbà lọ wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.”

Kò bínú. Ó kàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbé òrùlé náà, ó fi dé e padà, ó ní kí wọ́n máa pín jọ̀lọ́ọ̀fù. Òrùlé tó dé yẹn ló ń dùn mí jù.

Mo gbé e lọ sílé, mo tú ilẹ̀ náà, mo tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí: òjò àti oòrùn ló ń mú igi hewú. Igi tó wà lábẹ́ òrùlé, ńṣe ló máa ń pọ́n, tó ń ṣú. Kódà lára ògiri ìta, ibi tí ìgbátí òrùlé bò máa ń yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ tí ẹrọ̀fọ̀ ń ta sí. Ẹsẹ̀ ló ń sọ pákó inú yàrá di àgbà. Nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun, ohun gbogbo ló rí bí eérú, títí kan aṣọ ọdún àwọn ọmọ. Ẹ bi ẹni tó rìn níbẹ̀ léèrè.

Ẹ kun pákó kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù kì í jẹ́ kí yíǹkì wọlé. Sípírítì ni kí ẹ fi po yíǹkì, kì í ṣe omi, torí omi ló ń ká pákó tín-ín-rín. Yíǹkì bíráùn ni mo lò nígbà kejì, mo sì jẹ́ kí pákó kan nínú márùn-ún ṣú ju ìyókù lọ. Ọ̀nà tí Ìyá fi ìka fà yẹn, mo fi sáńpépà kíkúnná ha á díẹ̀, mo wá fi àbẹ́là pa á, mo fi aṣọ nù ún. Àbẹ́là ló máa ń kẹ́yìn, kò sí ohun tó ń mú lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀ tí n kò bi Ìyá, n kò ní mọ̀ pé ojú fèrèsé lọ̀nà yẹn ń lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè, mo bẹ̀ yín.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ, ó ṣí òrùlé, ó fi ìka méjì rìn láti orí àtẹ̀gùn lọ síbi fèrèsé, ó rìn padà. Ó wá yọjú sínú ilé ìdáná tí mo rò pé mo ti ṣe parí.

“Ṣé wọn ò dáná níbí ni?”

Èédú lílọ̀ ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa sí i, ó ṣú bíríbírí lókè ibi àdògán, ó ń fẹ́lẹ́ bọ̀ nísàlẹ̀.