Owó Kọ́ Ni Mo Fi Ń Yan Olùdíje Tó Ta Yọ

Èmi àti àwọn kan tá a fẹ́ràn ìdíje ìbéèrè orí tẹlifíṣàn la jọ ń tọ́jú wiki kan, ìyẹn ìkànnì tí gbogbo wa lè jọ kọ nǹkan sí. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, àwọn yòókù wà ní Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi yíyàn sí: èmi ni mo ń pinnu àkọsílẹ̀ olùdíje tí yóò wà lójú ewé àkọ́kọ́, níbi tí ojú àlejò yóò ti kọ́kọ́ bà á. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa máa ń béèrè ohun tí mo fi ń mọ èyí tó yẹ. Ohun tí iṣẹ́ náà ti kọ́ mi rèé.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi ṣáájú ohunkóhun: bí a bá yọ ẹni yìí kúrò pátápátá, ṣé ìtàn ètò náà ṣì ṣeé sọ? Bó bá ṣeé sọ láìsí i, olùdíje tó dáa ni, ṣùgbọ́n kò tíì ta yọ. Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Ìjẹ̀bú. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, gbogbo ẹlẹ́ṣin ló múra, gbogbo régbérégbé ló wọ ohun tó dán. Síbẹ̀ lọ́dún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ló kárí ayé. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè iye tí ẹṣin náà jẹ́. Bó ṣe jókòó lé e ni gbogbo èèyàn ń sọ.

Orí owó ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń yọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á to àwọn olùdíje láti orí ẹni tó gba owó jù dé orí ẹni tó gbà kéré jù, á sì ní òun ti parí iṣẹ́. Ẹ wo Who Wants to Be a Millionaire ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004 pẹ̀lú Frank Edoho gẹ́gẹ́ bí atọ́kùn. Mílíọ̀nù 10 náírà ni owó tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà. Ètò náà dúró lọ́dún 2017, ó padà lọ́dún 2022, wọ́n sì sọ owó náà di mílíọ̀nù 20. Lójú ìwé, ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ ni èkejì. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2009 tí Aroma Ufodike gba mílíọ̀nù 10 náírà, bíi náírà 150 là ń pààrọ̀ dọ́là kan. Lọ́dún 2022, ó ti kọjá 400 kódà ní ìdíyelé ìjọba. Ẹni tó bá mọ ọjà á rí i pé mílíọ̀nù 10 ìgbà yẹn lágbára ju mílíọ̀nù 20 yìí lọ. Nítorí náà, a kì í to owó ọdún kan mọ́ ti ọdún mìíràn bí ẹni pé nǹkan kan náà ni wọ́n.

Jeopardy! ti Amẹ́ríkà, ìdíje tí olùdíje ti ń yan ìbéèrè lábẹ́ oríṣiríṣi kókó lójú pátákó, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé òfin ìdíje náà fúnra rẹ̀ yí padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001 ni wọ́n sọ iye owó orí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì. Títí di ọdún 2003 náà, ẹni tó bá ti borí lẹ́ẹ̀marùn-ún gbọ́dọ̀ kúrò, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ẹ wá wo Chuck Forrest, tó díje lọ́dún 1985. Ó borí lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó kó 72,800 dọ́là, ó sì lọ sílé nítorí pé òfin ní kó máa lọ. Bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ken Jennings, tó borí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́rin lọ́dún 2004, tó sì kó 2,520,700 dọ́là, ẹ ó rò pé ọmọdé ni Forrest. Àmọ́ Forrest ló mú kí àwọn èèyàn mọ ọgbọ́n kéèyàn máa fò láti orí kókó kan bọ́ sórí òmíràn, kí ọkàn àwọn alátakò má baà fara balẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ọgbọ́n náà títí dòní. Yọ Forrest kúrò, wàá sì wá àlàyé tì fún ìdí tí àwọn olùdíje òde òní kì í fi í mú ìbéèrè láti òkè wá sísàlẹ̀ ní tò-tẹ̀-lé-ra. Ojú ewé àkọ́kọ́ tọ́ sí i, láìka pé owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tí mo fẹ́ràn jù láti kọ nípa wọn ni àwọn tí wọ́n wà lórí ètò fúngbà díẹ̀, tí wọ́n sì yí ohun ńlá padà. Emma Boettcher ni mo fi ń kọ́ àwọn tuntun. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ni ní Yunifásítì Chicago nígbà tó díje. Ìdíje mẹ́ta péré ló borí. Ṣùgbọ́n James Holzhauer ló bá lórí àga ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ọkùnrin tó ti borí lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n, tó ti gba 131,127 dọ́là lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí gbogbo Amẹ́ríkà sì ń retí pé yóò kọjá Jennings. 58,484 dọ́là ló kù fún un láti bá owó Jennings dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìbéèrè ìkẹyìn ọjọ́ náà, torí ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ti ń di àkọsílẹ̀. Kí wọ́n tó ka ìbéèrè ìkẹyìn, olúkúlùkù á kọ iye tó fẹ́ fi ṣe tẹ́tẹ́ nínú owó ọwọ́ rẹ̀. 26,600 wà lọ́wọ́ Boettcher, 23,400 wà lọ́wọ́ Holzhauer. Bí Holzhauer bá fi gbogbo owó rẹ̀ lé e, tó sì gbà á, á di 46,800. Boettcher kọ 20,201. Ẹ ṣírò rẹ̀: 26,600 àti 20,201 jẹ́ 46,801. Dọ́là kan ṣoṣo ló fi ju ohun tó ga jù tí ọwọ́ alátakò rẹ̀ lè tó. Ó gba ìbéèrè náà, Holzhauer náà gbà á, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹni tó ka ìṣirò yẹn á mọ irú èèyàn tí obìnrin yìí jẹ́ ju bí ẹ bá kọ ìlà mẹ́wàá pé ó gbọ́n, ó nígboyà, ó sì fara balẹ̀. Ẹ wá fi kún un pé kó tó dé orí tẹlifíṣàn rárá, ó ti ṣe ìwádìí oyè másítà rẹ̀ lórí bóyá kọ̀ǹpútà lè mọ ìbéèrè Jeopardy! tó le yàtọ̀ sí èyí tó rọrùn. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá.

Bákan náà ni Nancy Zerg, tó dá Jennings dúró ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Ọjọ́ kejì ni òun náà ṣubú. Kì í ṣe dandan kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà.

Ìpinnu tún máa ń fi èèyàn hàn. Lórí Who Wants to Be a Millionaire ti Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 1999, John Carpenter dé ìbéèrè ìkẹyìn láìlo ìrànlọ́wọ́ kankan. Ó wá lo ọ̀kan nínú àwọn ìrànlọ́wọ́ náà: ó ní kí wọ́n pe bàbá òun lórí fóònù. Nígbà tí bàbá gbé e, kò béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn sọ fún un pé òun fẹ́ gba mílíọ̀nù kan dọ́là. Inú mi máa ń dùn sí ìyẹn gan-an, torí ọmọ tó ń bọlá fún bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé “olùborí àkọ́kọ́, mílíọ̀nù kan” lásán, wọ́n ti fi ẹran sílẹ̀ jẹ egungun.

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ta yọ kì í ṣe ẹni rere nígbà gbogbo. Charles Ingram, tí wọ́n gba ohùn àti àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 lórí Millionaire ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n lọ́dún 2003 ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ikọ́ tí ẹnì kan ń wú láàárín àwọn olùdíje ló ń tọ́ ọ sọ́nà. A yan àkọsílẹ̀ rẹ̀. Òfin tí mo gbé kalẹ̀ fún un ni pé ohun tí kóòtù sọ nìkan ni ká kọ, ká má fi ẹnu tiwa dá ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Kí àkọsílẹ̀ tó lọ sókè, mo máa ń dán an wò báyìí: mo á fi ọwọ́ bo orúkọ, mo á bo iye owó, mo á wá ka ohun tó kù. Bí ohun tó kù bá lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, mo á dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. “Ó jẹ́ olóye èèyàn láti kékeré” kò sọ nǹkan kan. Ìbéèrè wo ló gbà? Èwo ló ṣì? Kí ló fi owó ṣe lórí àga? Lẹ́yìn náà ni mo á fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta aṣọ ní Òkè-Ajé kà lórí fóònù mi. Kì í wo àwọn ètò yìí rárá. Bó bá kà á tán tó sì ní “ó wá parí síbo?”, mo mọ̀ pé ó dára. Bó bá dá fóònù padà fún mi láìsọ̀rọ̀, mo á tún un ṣe.

Ohun tó le jù fún mi nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú ẹni. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún pè mí nípa olùdíje kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú.

“Àbúrò, ọmọ wa ni. Ẹ gbé e sókè kí ayé rí i.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, a ò sì ní yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìpín tó ti díje, ká rí ohun tó ṣe níbẹ̀.”

Mo fẹ́ràn Ìjẹ̀bú dé eegun. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti ibòmíràn ka orúkọ ọmọ wa kó sì sọ pé ojúsàájú ló gbé e débẹ̀. Bó bá ṣe ohun tó tọ́, àkọsílẹ̀ náà á gbé ara rẹ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni mi ò gba jíjiyàn lé lórí. Àwọn ìdíje ilé ìwé girama bíi Cowbellpedia, tó jẹ́ ti ìṣirò, máa ń gbé ọmọ tó mọ̀wé jáde lórí tẹlifíṣàn, inú wa sì máa ń dùn. Ohun tí ọmọ náà ṣe lórí ètò nìkan la máa ń kọ. A kì í wá àdírẹ́sì ilé, a kì í mú àwòrán láti ojú Facebook àwọn òbí rẹ̀, a kì í sì í kọ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nípa ìdílé rẹ̀. Àwọn àgbà tó kópa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì padà sí ìgbé ayé wọn náà ní ẹ̀tọ́ yìí: ohun tí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ níwájú kámẹ́rà tó.

Fún Jeopardy!, àwọn olólùfẹ́ ètò náà ti kó ọ̀kẹ́ àìmọye ìbéèrè àti ìdáhùn jọ sínú J! Archive, ibẹ̀ la sì ti ń yẹ ìṣirò bíi ti Boettcher wò. Ètò tiwa kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ní káséẹ̀tì tàbí fídíò Millionaire ti Nàìjíríà láti 2004 sí 2017 nínú àpótí, ẹ má kọ “ó ṣe dáadáa” ránṣẹ́ sí wa. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde bó bá hàn, ìbéèrè tí olùdíje náà dúró lé, ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà níwájú rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tó ti lò, àti iye tó gbà lọ sílé. Èmi á parí ìyókù.