Kí ló ń dúró dè?

Òjò ló jí wa. Iná ò sí. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ bíi ti àná. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ ọmọ kan nínú bọ́ọ̀sì ló kù lọ́kàn mi. Ó yọjú wo fóònù mi níbi tí Oliver Hardy, aláwàdà inú sinimá Amẹ́ríkà àtijọ́, ti tẹjú mọ́ kámẹ́rà láìsọ nǹkan kan, ó ní: "Kí ló ń dúró dè?"

Ẹ̀rín wa ni. Nígbà tí sinimá ò tíì lóhùn, kò sí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rín lè bò mọ́lẹ̀. Láti 1929 tí Hardy àti Stan Laurel, ẹnì kejì rẹ̀ nínú àwàdà, ti ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù tí Hal Roach ń ṣe jáde, gbólóhùn tó bá tẹ̀ lé àwàdà lè rì sínú ariwo èrò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi fíìmù náà han èrò ní gbọ̀ngàn, wọ́n á ṣọ́ ibi tí ẹ̀rín ti pẹ́, wọ́n á wá padà lọ gé e tàbí kí wọ́n fà á gùn. Ìwò Hardy yẹn ni wọ́n fi ń dí àlàfo. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 jẹ́ àwòrán kéékèèké 48 lára fíìmù, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 3. Bó bá dín, ọ̀rọ̀ á sọnù. Bó bá lé, ilé á pa lọ́lọ́.

Kí ló ń dúró dè... Ọmọ yẹn jàre ṣá. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún odidi gbọ̀ngàn, ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sí i. Ó dùn mí díẹ̀.

Àbí kò rí bẹ́ẹ̀? Ẹ wo fíìmù wọn The Music Box, 1932: dùùrù inú àpótí tí wọ́n ń gbé gun àtẹ̀gùn 133 ní Silver Lake, Los Angeles. Gbogbo ìgbà tó bá já bọ́, okùn inú rẹ̀ á máa dún jìnwìn-jìnwìn títí dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tí ń ráhùn. Ìdúró gan-an ni àwàdà ibẹ̀, kò nílò èrò kankan. Wọ́n gbé e dókè tán ni ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà sọ fún wọn pé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n sì tún gbé e sọ̀ kalẹ̀! Háà, ẹ̀yin èèyàn mi.

Bí iná bá dé lọ́la, ara ògiri la ó ti wò ó, gbogbo ilé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rín wa á pẹ́ tó ìwò yẹn, àbí...