Páńẹ́lì tuntun ò mọ mọ́tò yín rí: ohun tí mo kọ́ nídìí mọ́tò àtijọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ àtúnṣe mọ́tò àtijọ́, ẹ gbọ́ tèmi lórí ọ̀rọ̀ páńẹ́lì yìí, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe ara mọ́tò, torí ọ̀pọ̀ yín rò pé tí páńẹ́lì tuntun bá ti dé, iṣẹ́ ti bùṣe nìyẹn, ká gé ti tẹ́lẹ̀ dànù, ká jó tuntun mọ́ ọn, ká kùn ún. Rárá o. Kódà àwọn tí British Motor Heritage, ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń fi irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ àtijọ́ tẹ̀ fún MGB àti Mini, àwọn mọ́tò àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé e wò dáadáa kẹ́ ẹ tó jó o, ká má tíì wá sọ ti àwọn tó kàn wo ti àtijọ́ ṣe tiwọn. Mọ́tò yẹn fúnra ẹ̀ ńkọ́? Á ti forí sọ nǹkan rí, wọ́n á ti nà án, ara ẹ̀ á ti sọ̀. Àti pé nígbà tó ń jáde nílé iṣẹ́ gan-an, èèyàn ló ń fọwọ́ tẹ àwọn páńẹ́lì yẹn títí wọ́n á fi bára mu, òjé ni wọ́n sì fi ń dí ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Torí náà tí kò bá jókòó lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bá ẹni tó tà á jà.

Èyí tó ń fi bóòtù wọlé, bíi fẹ́ńdà Beetle tàbí fẹ́ńdà iwájú Mercedes W123, kò le, ẹ lè tú u padà. Èyí tí wọ́n ń jó mọ́ra lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ má gé ti àtijọ́ kí tuntun tó wà níwájú yín, bó ti wù kó dógùn-ún tó. Òun ló máa sọ fún yín ibi tí etí páńẹ́lì parí sí àti ibi tí ihò bóòtù wà. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan cutter.

Sill, ìyẹn irin abẹ́ ìlẹ̀kùn, èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù, torí òun ló gbé mọ́tò dúró, pàápàá mọ́tò tí kò ní òrùlé irin. Tẹ́ ẹ bá gé e láìfi nǹkan dè é, àárín mọ́tò á tẹ̀, ìlẹ̀kùn ò sì ní padé mọ́ láé. Ẹ jó irin páìpù la ẹnu ọ̀nà ìlẹ̀kùn kọjá kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun, kí mọ́tò náà dúró lórí táyà ẹ̀ tàbí kí stand wà lábẹ́ ibi tí táyà ti ń gbé e, kó tẹ́jú, ẹ má fi jáàkì gbé e láàárín. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà náà láti igun dé igun, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kan tán kẹ́ ẹ tó lọ sí ìkejì, ẹ sì gbé ìlẹ̀kùn kọ́ kẹ́ ẹ tó jó sill tuntun pa. Ìlẹ̀kùn yẹn gan-an ni olùkọ́ yín.

Àmọ́ ìlẹ̀kùn tí pin hinge ẹ̀, ìyẹn irin tó wà nínú àgbékọ́ ìlẹ̀kùn, ti jẹ á parọ́ fún yín. Ẹ ṣí i, ẹ fọwọ́ gbé ìdí ẹ̀ sókè, tó bá ń ṣe gbàgà-gbàgà, ẹ pààrọ̀ pin yẹn ná. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò lè sún, ìyẹn páńẹ́lì ẹ̀yìn, ẹ fi ìlẹ̀kùn tẹ̀lé e, ẹ fi fẹ́ńdà tẹ̀lé ìlẹ̀kùn, bọ́nẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti iwájú bẹ̀rẹ̀ á kàn máa ti wàhálà sẹ́yìn ni. Ẹ má fún bóòtù kankan pa títí gbogbo ẹ̀ á fi wọlé, ẹ fi shim, ìyẹn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi há àárín, sí ibi tó yẹ. Àlàfo bíi mílímítà 4 dáa, àmọ́ kó dọ́gba látòkè délẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi rọ́bà ìlẹ̀kùn tuntun sí i nígbà tẹ́ ẹ ń wò ó, torí ó máa ń ti ìlẹ̀kùn síta, ẹ sì rántí pé ọ̀dà náà á gba àyè.

Nígbà tó bá wá kan jíjó, ẹ yọ bátìrì, ẹ gbé táǹkì epo kúrò. Irin yìí fẹ́lẹ́, ó máa ń tó mílímítà 0.8 sí 1, tẹ́ ẹ bá jó o gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan, á wọ́. Ẹ jó o tó-tó, ẹ fò lọ síbi tó jìnnà, kí èyí tutù kẹ́ ẹ tó padà wá. Àárín irin méjì tó bá gorí ara wọn, primer oní-síǹkì, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kùn, tó ṣeé jó kọjá ni kẹ́ ẹ kùn síbẹ̀. Àwọ̀ dúdú tó wà lára páńẹ́lì tuntun ńkọ́? Ẹ fi thinner nù ún, tó bá ṣí, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tí wọ́n kùn kó má dógùn-ún lójú ọ̀nà lọ.

Kẹ́ ẹ tó tú gbogbo ẹ̀ lọ kùn, ẹ fi dírìlì kékeré, mílímítà 3, lu ihò méjì gba inú hinge àti etí fẹ́ńdà wọnú ara mọ́tò, níbi tí ojú ò ní rí. Tẹ́ ẹ bá kùn ún tán, ẹ ki ẹnu dírìlì kan náà bọ inú ihò yẹn, ẹ wá fún bóòtù, páńẹ́lì á padà síbi tó wà gẹ́lẹ́ láìha ọ̀dà tuntun.